Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Orin Gbà Padà

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Èrúwà. Igbó-Ọrà ni mo ń gbé. N óò wọkọ̀ lọ láàárọ̀, n óò wọ òmíràn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn, ọpọlọ ni mo fẹ́ràn jù. Tí a bá ti dé orí rẹ̀, mo máa ń kó wọn jáde lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń sin adìyẹ sí. N óò ní kí wọ́n máa wo àwọn òròmọdìyẹ tí wọn kò tí ì dáyé pẹ́. Tí òjìji àwòdì bá ti kọjá lórí ilẹ̀ báyìí, kò sí èyí tí yóò dúró wo òkè. Abẹ́ ìyá wọn ni gbogbo wọn ń sá wọ̀.

N óò wá bi àwọn ọmọ pé ta ló kọ́ àwọn òròmọdìyẹ náà.

Mo máa ń sọ fún wọn pé ọpọlọ tó ń sá fún ewu ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí èyí tó ń sọ̀rọ̀ tó dé. Ilé bàbá mi ni mo fi ń ṣe àpèjúwe. Yàrá amọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e fi yàrá kún un, àwọn tó dé gbẹ̀yìn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ pálọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wó yàrá amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe kọ́ orí ọmọ ènìyàn. Ìbẹ̀rù àti ebi ń bẹ ní yàrá àkọ́kọ́, tí àwa àti alángbá jọ ní. Ọ̀rọ̀ sísọ ń bẹ ní pálọ̀.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi ọ̀tún. Mo fẹ́ ní kí ọmọbìnrin tó jókòó síwájú bá mi mú un, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń dápàárá. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kọ̀ tí kò gbé mi mọ́, àwọn kan sáré lọ pe ọ̀gá ilé ìwé. Ọkọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n fi gbé mi lọ sí ọsibítù. Láti ibẹ̀ wọ́n gbé mi dé Ìbàdàn, wọ́n sì sọ fún ìyàwó mi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí ní apá òsì ọpọlọ mi, pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Nígbà tí a padà délé, ẹsẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà ń gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ ni kò wá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú mi kedere, bí ohun tí ènìyàn ń wò láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹnu mi lè mú jáde. "Ẹ ṣeun" ni. Ẹni tó bá wá kí mi pé ẹ pẹ̀lẹ́, n óò dá a lóhùn dáadáa pé ẹ ṣeun, yóò sì máa dúpẹ́ lọ sílé pé ara mi ti yá. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó mi bá béèrè bóyá ẹ̀kọ ni n óò mu tàbí iṣu ni n óò jẹ, ẹ ṣeun náà ni. Inú a máa bí mi, n óò fẹ́ jágbe. Ẹ ṣeun ni n óò fi jágbe. Ìgbà mìíràn wà tí àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa, a kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín mọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gúsí ni ìyàwó mi ń tà. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń pa á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà lórí àga tí mo ń kírun Mọ̀gàríbì nínú yàrá. Ó gbọ́ ohùn mi. Mo ń ka Fátíà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àmín, n kò ta kókó, n kò fo nǹkan kan. Èmi fúnra mi kò fura àfi ìgbà tí mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti èèpo ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Nígbà tí a tún lọ sí Ìbàdàn, ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn lọ́rọ̀ sísọ. Kò ya obìnrin náà lẹ́nu rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tò fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń gbà jáde. Adúrà tó ti mọ́ni lẹ́nu láti kékeré, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ó ní orin náà ní ọ̀nà tirẹ̀, apá ọ̀tún sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ibi tí àìsàn mi kò dé. Ó ní kí a máa fi gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ kọrin, kí ìyàwó mi sì máa fi ọwọ́ mi òsì lu itan mi bí a bá ti ń kọ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà pípẹ́ ni mo wá ń gbọ́ fún ara mi, ìrètí sì wọ inú mi lọ́jọ́ náà.

Ohùn ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ padà, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó dé. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́, torí orin ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi imú kùn ún pé dò-dò lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi gbé bàtà wá. Mo mi orí pé rárá. Ó ronú díẹ̀, ó lọ mú fìlà wá. Fìlà ni mo fẹ́. Ó dé e fún mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ènìyàn joyè.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń pa ẹ̀gúsí, a sì jọ ń kọrin. Orin tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹlòmíràn ni: ẹ gbé àga wá, oòrùn ti mú jù, ibo ni àwọn ọmọ lọ. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń gbe orin wa. Ní àárọ̀ kan, láìjẹ́ pé ó ṣáájú mi, mo kọ ọ́ jáde: "Mo fẹ́ mu omi." Gbólóhùn tí mo fúnra mi tò ni. Ìyàwó mi dìde, ó bu omi wá, ó jókòó tì mí, ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí, ó sì mu omi náà tán fúnra rẹ̀. Mo ní láti tún un kọ.

Láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀kùn ti ṣí. Orin ń dínkù, ọ̀rọ̀ ń pọ̀. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wá kí wa, ó fi sùúrù sọ pé wọ́n lè fi mí sí yàrá ìkàwé, kí n máa tọ́jú ìwé, kí n má baà ṣe wàhálà. Ó fẹ́ mi fún ire, mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkọrin:

"Mo fẹ́ kọ́ wọn."

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní òun náà gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí kíláàsì, ọpọlọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi yà á sára pátákó, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé dá mọ̀. Mo sọ ohun tó ṣe mí fún àwọn ọmọ náà, mo sì fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti há mi lọ́fun, n óò kọ ọ́ lórin. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń wojú ara wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n ń bá mi gbè é. Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó béèrè pé ṣé ó wá túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn ti ń kọrin kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láyé. Mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò gbà, ẹnì kankan kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ní tèmi o, orin ló ṣáájú. Kíláàsì hó yèè. Títí agogo fi lù, n kò jókòó.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ìyàwó mi: ohun tí mo yà, ohun tí ọmọ yẹn béèrè, bí àwọn olùkọ́ yòókù ṣe dúró lójú fèrèsé. Mo sọ, mo sọ, ọbẹ̀ tutù. Ó gbá mi lọ́wọ́ díẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí èmi náà rí ọ̀rọ̀ sọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi mí sílẹ̀, kí n kọ́kọ́ parí ìyókù.