Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Tí Mo Fi Pọn Ọtí Kérésìmesì

Òsì-Èkìtì ni wọ́n gbé mi níyàwó sí, nígbà tí òmìnira kò tíì dé. Níbẹ̀, ìyàwó tó kéré jù nínú agbo ilé ló máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ọdún Kérésìmesì. Bí àwọn ọmọ ilé bá ti Èkó àti Ìbàdàn dé, ọtí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Bí ó bá bàjẹ́, yóò máa gbọ́ ọ títí ọdún mìíràn yóò fi dé.

Àgbàdo kò bà mí lẹ́rù. Ìyá mi ní Ìpáò ti kọ́ mi bí a ṣe ń rẹ ẹ́, tí a ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí ó lè hù, tí a ń sá a, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sè é, tí a sì ń sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló le, ìyẹn ìsàlẹ̀ ọtí àtijọ́ tí a ń bù sí tuntun kí ó lè hó. Iṣẹ́ tí ìwúkàrà ń ṣe nínú búrẹ́dì ló ń ṣe.

Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ tó ti gbẹ sínú igbá, kò sì sí apọntí tó tó o ládùúgbò. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọtí tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún òkú ọ̀run lọ́dún ìbílẹ̀ ló ti bù ú. Èmi sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà ìrìbọmi, nílé ìwé ìjọ, pé n kò ní lọ́wọ́ sí irú rẹ̀ mọ́. Ọtí tí a fẹ́ fi yọ̀ fún ìbí Olúwa, n kò lè fi ìyẹn pọn ọ́n.

Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, kò rí i bẹ́ẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ ọtí lásán ni. Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò."

"Ọkàn mi náà ló ní kí n má fi sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dán ti ara mi wò, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dára nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún, kí n gba ti ìyá òun, kí n má dójú ti òun níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Mo gbà.

Mo pọn ìkòkò kékeré kan, mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu alẹ́ sí i. Ó hó dáadáa, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kan. Ìyá ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀.

"Ìyàwó, èyí wúlò o. A ó máa fi fọ egbò."

Mo bẹ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìdó, ó fún mi ní ìwúkàrà òyìnbó díẹ̀. Ìyẹn kò kan, àmọ́ òórùn búrẹ́dì gba gbogbo ilé.

"Ṣé ká mu ún ni, àbí ká fi ọ̀bẹ gé e?" Ìyá ọkọ mi tún fi kún un pé tòun ṣì wà nílẹ̀, kò sá lọ.

Mo gbàdúrà, mo sì ronú. Ẹmu àárọ̀ ló ń dùn, ti alẹ́ ló ń kan. Ó ní láti jẹ́ pé bí ẹmu bá ṣe rí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń rí. Mo tún rántí pé omi ọtí mi kò tíì tutù tán tí mo fi bù ú sí i. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo lọ dúró de adẹ́mu lọ́nà oko, mo gba ìsàlẹ̀ ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo jẹ́ kí omi ọtí tuntun tutù pátápátá kí n tó bù ú sí i. Atalẹ̀ àti kánáfùrù, n kò fi wọ́n sí i títí ìfófòó fi rọlẹ̀.

Ọkọ mi mu ún, ó nu ẹnu. "Lọ pọn ti ńlá."

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n mu ún dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá ọkọ mi ní kò le tó tòun, ó sì na igbá fún ẹ̀kejì.

"Má da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù. Mo fẹ́ bù nínú rẹ̀."

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀jẹ́ mi. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ọtí mímu inú ulé nìkan ni kí ẹ fi pọn. Ti ọdún ìbílẹ̀, ẹ fi tiyín ṣe é."

 N kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó ru ìkòkò tuntun dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Olóríkunkun, wá sọ̀ mí. Ìkòkò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ rèé, kò ní pa pọ̀ mọ́ tèmi."

Mo sáré jáde, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi.