Pẹ́dàlì Tó Mọ Ẹkún Sun

Ẹni tó bá ti jókòó ti obìnrin yìí nínú ọkọ̀ rí kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Búréèkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Búréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ tó fi ń kọ́ wọn: ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ìkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó rí kòtò, ẹsẹ̀ Ìyá Búréèkì ti rí i. Kódà nílé, bí ọkọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ bọ̀ tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún fẹ́ yà bàrá, ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà á kàn tẹ ilẹ̀ gìdì, ọkọ á sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ yẹn kan náà a máa ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìyá Búréèkì ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan tó máa ń ṣeré ní gbọ̀ngán hòtẹ́ẹ̀lì ní ìrọ̀lẹ́. Kò kúkú kọ́ ọ láti kékeré. Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilé ìwé gíga ni ilé pa lọ́lọ́, tó sì rí gìtá tí ọmọ náà gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun kàn fẹ́ nù ún ni. Ó nù ún títí ó fi di olórin.

Ohun tó wá fún un níyì láàárín àwọn onígìtá ni pẹ́dàlì wáà-wáà. Irin pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju bàtà lọ, ó sì jọ ibi tí awakọ̀ máa ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Wáyà gìtá á wọ inú rẹ̀, wáyà mìíràn á gba inú rẹ̀ lọ sí sípíkà. Bí èèyàn bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohùn gìtá á là gbàgà. Bó bá fi gìgísẹ̀ fà á sẹ́yìn, ohùn á pa dé bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Tẹ̀ ẹ́ síwá, tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, gìtá á máa ké "wáà, wáà" bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹlẹ́sẹ̀ líle kò lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ẹ̀mí ọlọ́mọ là lójú títì, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni.

Dókítà eyín kan ló kó bá pẹ́dàlì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọlúàbí gidi, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ lẹ́nu aláìsàn, ṣùgbọ́n bó bá ti di pé kó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, àfi bí ẹni ń lé ewúrẹ́ gba ojú ihò abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n parí ẹ̀kọ́, Ìyá Búréèkì sì sọ̀ kalẹ̀ láti kó ẹrù orin rẹ̀ sí bùùtù. Ó gbé pẹ́dàlì sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí òun wá kọ́kọ́rọ́ bùùtù nínú àpò. Dókítà tó jókòó sídìí ọkọ̀ rò ó pé àsìkò tó kí òun fi ìyá yìí lọ́kàn balẹ̀. Ó ki gíà sí rífáàsì.

Ẹsẹ̀ Ìyá Búréèkì tẹ ilẹ̀ gìdì. Búréèkì kò sí níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ni.

Táyà gun nǹkan kan, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dókítà bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mọ̀mọ́, ṣé òkúta ni?"

"Rárá o," ni Ìyá Búréèkì wí. "Ẹni tó ń bá mi sunkún ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo irin tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. "Ṣùgbọ́n ẹ rí i, dókítà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn tààrà."

Ojú ti dókítà débi pé ó ní èyíkéyìí tó bá wu Mọ̀mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òun lòun máa rà á, kí wọ́n má ṣe wo ojú òun rárá. Bí ọ̀rọ̀ yíyan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ yíyan sì le ju ọ̀rọ̀ rírà lọ.

Ọkùnrin tó ń ta ohun èlò orin gbé mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ pupa fòò, tuntun, iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ìyá Búréèkì gbé ẹsẹ̀ lé e, ó sì yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ tí wáyà kilọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti já. Ìkejì kéré bí ike ọṣẹ. Olùtajà ní wọ́n ṣe é kí àwọn tó ń ta gìtá báàsì náà lè lò ó, ohùn rẹ̀ sì ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Búréèkì tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì ò rí i mọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ìkẹta dúdú, ẹlòmíràn ti lò ó rí. Bàtà ẹni ẹlẹ́ni ti jẹ rọ́bà ojú rẹ̀, ó sì wúwo bí áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ kó wọn lọ ilé," ni olùtajà wí. "Pẹ́dàlì ò yàtọ̀ sí bàtà. Ẹ rìn káàkiri kí ẹ tó mọ èyí tó ń bù yín jẹ. Ẹ dá méjì padà lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ká sọ tòótọ́, dúdú yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú láti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó mú kó má lè sọ ọ́ mọ́ ni Ọ̀gá Etí.

Ọ̀gá Etí ni olórí ẹgbẹ́ náà, òun ló sì ń ta báàsì. Àgbà ọkùnrin ni, ó ga, ó tín-ín-rín, kò sì sí ohun tí kò gbọ́ rí. Bí okùn gìtá kan bá ń rò ó láti tú, ó ní òun á ti gbọ́ èrò ọkàn rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, láàárín àwòrán àmì ojú títì tó kún ara ògiri. Bí wọ́n ṣe tẹ́ pẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀gá Etí ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́.

"Dúdú yẹn ni," ló wí. "Ìyá Búréèkì, kí lo tún ń wò?"

Ó dun obìnrin náà. Ẹni tó ń kọ́ ayé ní ọkọ̀ wíwà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di ọwọ́ ọkọ̀ mú. "Ọ̀gá, ẹ ò tíì gbọ́ ọ."

"Mi ò nílò kí n gbọ́ ọ. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

"Tí ẹ ò bá wá rí i, ṣé ẹ máa mọ̀ ọ́n?"

"Kí ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ gbé mi sọ sínú kànga, màá mọ̀ ọ́n."

Inú ń dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Búréèkì ní ó dára, lọ́jọ́bọ̀ ni kí wọ́n dán an wò.

Ọkọ Ìyá Búréèkì ló ń tún fíríìjì ṣe fún gbogbo àdúgbò, òun náà ló sì máa ń bá ìyàwó rẹ̀ ru ẹrù orin. Ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò gbọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́rú, ìyàwó ń ta gìtá lẹ́bàá tábìlì oúnjẹ, ọkọ ń ṣa abọ́. Bó ṣe gbé ọmọrí ìkòkò kọjá níwájú sípíkà báyìí, ohùn gìtá yí padà: ó pa dé, ó là. Wáà. Tọkọtaya wo ara wọn.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ni ìyàwó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó gbé ọmọrí sún mọ́ sípíkà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Gìtá ń sunkún. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń rò síta, nítorí àwọn méjèèjì ti jọ rò ó.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ pé, wọ́n fi Ọ̀gá Etí jókòó kó kọjú sí ògiri, níwájú àmì "Má yà sọ́tùn-ún." Àwọn olórin yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Búréèkì kọ́kọ́ tẹ pupa.

"Ìyẹn ò lómi lójú," ni Ọ̀gá Etí wí. "Ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n háyà wá síbi òkú. Gbé e kúrò."

Ó tẹ kékeré.

"Ìyẹn ń sunkún nínú àpò. Ó fẹ́ kí a gbọ́, ó tún ń tijú."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Búréèkì ki wáyà gìtá tààrà sí sípíkà, láìsí pẹ́dàlì kankan, ọkọ rẹ̀ sì lóṣòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó fẹ́ tún iná ṣe. Ìyá ń ta, ọkọ ń ṣí, ọkọ ń dé.

Ọ̀gá Etí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Hẹn-ẹn. Ẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dùn ún. Irin àtijọ́ nìyẹn. Ẹni tó rọ ìyẹn ti kú, kò sì kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́. Tún un ta, jọ̀ọ́, kí n gbọ́ ibi tó ti ń rántí ìyá ẹ̀."

Onílù ti bu ètè jẹ, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹnu. Ìyá Búréèkì tún un ta. Ṣùgbọ́n orúnkún ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ó yẹ̀, ọmọrí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ bá ẹsẹ̀ Ọ̀gá Etí kó tó ṣubú, gbàǹgàlà.

Ọ̀gá Etí yíjú padà. Ó wo ọkùnrin tó lóṣòó. Ó wo pẹ́dàlì dúdú tó wà lórí àga, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mú ọmọrí, ó fi ìka kàn án ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì dẹ etí sí i.

"Ìkòkò wo ló ni èyí?"

"Ìkòkò ọbẹ̀ wa ni, Ọ̀gá," ni ọkọ dáhùn.

"Ọbẹ̀ náà á dùn," ni Ọ̀gá Etí wí. Ó gbé báàsì rẹ̀ kọ́rùn, ó ní kí ìdánrawò bẹ̀rẹ̀. Kò bínú, kò sì ráhùn títí wọ́n fi tú ká, ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Búréèkì nìkan wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ó bọ́ bàtà. Ó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó ń wò ó, ó sì fi dúdú ṣe ìkẹyìn. Irin náà kò yọ̀, kò sì le. Ó ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí a jọ dàgbà bá ń bá ni jiyàn. Ẹkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ gan-an, ó ń bọ̀ wá sókè pẹ̀lú sùúrù. Ó rántí àárọ̀ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ gbé àpò jáde nílé. Kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ń ka àwọn nǹkan tí ọmọ lè gbàgbé. Dúdú yìí ń bá a sun ún báyìí, ó sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Ó wá mọ̀ pé Ọ̀gá Etí jàre. Ìyẹn gan-an ni wàhálà, nítorí ta ló máa sọ fún un?

Ó pe ọkọ rẹ̀. "Ọ̀dà funfun tí ẹ fi ń kun ara fíríìjì, ṣé ó kù?"

Ọkọ wo pẹ́dàlì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó lọ mú ọ̀dà wá. Wọ́n kùn ún, wọ́n sá a sóòrùn, nígbà tí oòrùn fi máa tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ti funfun bí ẹyin.

"Kí nìyẹn?" ni Ọ̀gá Etí bi í ní gbọ̀ngán.

"Òmíràn ni, Ọ̀gá. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá."

Wọ́n ta orin àkọ́kọ́. Ọ̀gá Etí yínmú. "Ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kò débi tí dúdú yẹn dé."

Ìyá Búréèkì ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Etí ti di gbohùngbohùn mú, ó ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ òun ní olórin tuntun kan, ọ̀jáfáfá, ẹni tí ó mú ohun èlò rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí báàsì, ó sì fa ọmọrí ìkòkò yọ. Láti ọjọ́bọ̀ ni tọkọtaya ti ń wá ọmọrí yìí, tí wọ́n ń fi àwo dé ọbẹ̀. Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀.

Ọkọ Ìyá Búréèkì ò dúró níwájú èrò rí láyé. Ó gba ọmọrí, ó gun orí pèpéle. Ó lóṣòó, ó ṣí, ó dé. Èrò pariwo. Ó tún ṣí, ó tún dé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká bá a lọ. Orin parí, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ta èkejì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ojú bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ọ̀gá Etí, tó rò pé òun ń fìyà jẹ ẹ́, wá rí i pé òun ti fún un ní iṣẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀. Gbogbo Sátidé ni Ọ̀gá Etí ń ráhùn pé pẹ́dàlì funfun yìí ò mọ ẹkún sun, gbogbo Sátidé ni Ìyá Búréèkì ń sọ pé ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ọkọ ní kó kúkú jẹ́wọ́. Ìyàwó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà fíríìjì kò mọ ojú bàtà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ṣí díẹ̀ níbi gìgísẹ̀, dúdú sì yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá Etí ń ká wáyà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó sì ń ká wáyà rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àwọn tó kù tó dé, ó gbé agolo ọ̀dà funfun kékeré kan lé orí àga Ìyá Búréèkì, búrọ́ọ̀ṣì tuntun sì wà lórí rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé funfun máa ń tètè dọ̀tí," ló wí, ojú rẹ̀ ò yí padà. "Má jẹ́ kó tán nílé."

Ìyá Búréèkì wo agolo. Ó wo Ọ̀gá Etí. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá."

"Kò tọ́pẹ́." Ó gbé báàsì kọ́rùn. "Síbẹ̀, kò débi tí dúdú yẹn dé."