Wọ́n ní kọ̀ǹpútà mi ti kú

Ojú ò ti àwọn èèyàn kan rárá!

Ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ lónìí pé kí n bá òun tẹ ìwé ètò fídáù bàbá òun. Ọ̀la ni fídáù ọ̀hún o. Ló bá rí i lójú kọ̀ǹpútà mi pé àwọn tó ṣe é ò ní í tọ́jú ẹ̀ mọ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, òkú lẹ̀ ń lò yìí!"

Mo dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi. Tuntun ni tiwọn."

Ó dorí kodò.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Update ni tiwọn ń ṣe láti àárọ̀."

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, òkú tèmi ti tẹ̀wé tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì, èwo ló kú?