Àwọn Tó Ta Bánjò Ṣáájú Mi

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí Bàbá Àgbà lọ ta bánjò nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Rore nígbà tí ọwọ́ òsì wọn ò lè gbé nǹkan mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ń kọ iṣẹ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú báàgì. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, ló ń pè. Wọn kì í pè mí lásìkò iṣẹ́, nítorí náà àyà mi ti já kí n tó gbé e.

"Tíṣà," wọ́n ní, "bàbá rẹ fẹ́ gbé ife tíì láàárọ̀ yìí, ife bọ́. Wọ́n ní kí n bu òmíràn, ìyẹn náà bọ́. Ẹnu wọn ti ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọsibítù la wà báyìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe bóyá Bàbá Àgbà máa yè é ni mo kọ́kọ́ rò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ta ló máa wá ta bánjò ní Rore. Mo sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. Kò sí ẹlòmíràn. Èmi ni.

Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Arandun ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n sì fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣàrẹ́ ni bánjò wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀gá tó kọ́ wọn ní iṣẹ́ igi ló kọ́ wọn ní bánjò pẹ̀lú. Èmi ò rí ọ̀gá náà rí, wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi. Nupe ni ìyá wọn, Ìgbómìnà ni bàbá wọn, èdè méjèèjì ni wọ́n sì fi ń kọrin. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Jẹ́bà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bánjò. Wọn ò lówó tí wọ́n á fi rà á, ni wọ́n bá padà sílé lọ gbẹ́ tiwọn. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n kàn mọ́ ojú rẹ̀, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ fi ṣe okùn rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn ọ̀gá yẹn wà nínú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kánjú. Wọ́n á ta á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dákẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ á ti máa rò pé wọ́n ti gbàgbé ohun tó kàn, àyà rẹ̀ á ti máa já, kí wọ́n tó wá fi ọ̀kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá ń ta bánjò tèmi, ńṣe ni mo máa ń sá fún un, tí ọwọ́ mi á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹnì kẹta nínú àwọn tó ta bánjò ṣáájú mi ni Màmá Rore, ọ̀rọ̀ wọn ló sì dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọge, ọ̀gá ará Ṣàrẹ́ yẹn wá ṣeré ní Rore, Màmá sì ra bánjò kan lọ́wọ́ wọn. Oko ni wọ́n ti kọ́ ọ, nínú ahéré bàbá wọn, láìsí olùkọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe orin ọpẹ́ kan fúnra wọn. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ àgbà ìjọ kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé ìyàwó àgbà ìjọ ń ta bánjò, ohun èlò orin àwọn ọ̀mùtí. Wọ́n dá Màmá dúró ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún oṣù bíi mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Bàbá Àgbà wá tún àjà ilé wọn ṣe. Màmá Rore gbé bánjò náà lé wọn lọ́wọ́.

"Káfíńtà, gbà á," wọ́n ní. "Bí mo bá fi dáná, mi ò ní lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fi iná rẹ̀ sè. Bí mo bá sì pa á mọ́, wọ́n á tún rí i."

Kí Bàbá Àgbà tó máa lọ, Màmá kọ́ wọn ní orin ọpẹ́ náà lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bánjò yẹn ni Bàbá Àgbà wá fi kọ́ mi. Ẹni méjì péré ló mọ orin náà dáadáa láyé, Màmá àti Bàbá Àgbà. Èmi mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Màmá Rore fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ẹ̀mí gígùn fún wọn. Àlùfáà ìjọ náà, ọ̀dọ́ tí kò mọ ìtàn àtijọ́, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Màmá ní àwọn ò fẹ́ màlúù, àwọn ò fẹ́ aṣọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n ta bánjò nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kí àwọn tó lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà gbà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo ti dójú ti ara mi rí. Kíláàsì kejì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní kí n wá ta bánjò níwájú àwọn òbí níparí ọdún. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo ń wo àwọn èèyàn, àwọn náà ń wò mí. Tíṣà kan ló wá fà mí dìde. Láti ìgbà yẹn, inú yàrá nìkan ni mo ti ń ta á.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá Bàbá Àgbà sílẹ̀ ní ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé ọwọ́ lè padà, ó sì lè má padà. Bí mo ṣe ń jáde ní iléèwé lójoojúmọ́ ni mo ń gba Arandun lọ. Wọ́n á wà lórí ibùsùn, ọwọ́ òsì á nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ ọ̀tún máa lu igi ibùsùn fún mi kí n lè mọ ìrìn orin náà. Ọ̀rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́nu wọn, àmọ́ etí wọn ò ṣàìsàn rárá.

"Rárá," wọ́n á ní. "Padà."

Màá padà.

"Rárá. Ìka kejì lo fi ń pa á. Tún un ṣe."

Apá àkọ́kọ́ orin náà ò le. Apá kejì ló le, níbi tí ohùn ti máa ń yí padà lójijì bí ẹni tó rántí nǹkan. Títí di ọjọ́bọ̀, mi ò tíì là á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìṣìnà. Oorun mi ò jọ oorun mọ́. Mo tiẹ̀ ń gbàdúrà pé kí òtútù mú mi, àìsàn kékeré kan tó máa yọ mí láìpa mí.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mo gbé bánjò kalẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin, ẹ̀rù ò bà yín rí, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni ẹ̀rù ò bà rí? Ọkọ mi yìí? Tíṣà, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣeré, kò sí ibi tí wọ́n lọ tí wọn ò kọ́kọ́ lọ bì lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo máa ń gbé omi dúró tì wọ́n."

"Ìwọ obìnrin yìí," Bàbá Àgbà ní, "o ò ní jẹ́ kí n kú pẹ̀lú iyì díẹ̀."

Mo wojú wọn. Láti kékeré ni mo ti ń wo ọkùnrin yìí tó ń ta bánjò láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, tí ojú rẹ̀ á tutù bí omi àmù. Èmi rò pé ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá láìsí ẹ̀rù ni.

"Òótọ́ ni," Bàbá Àgbà sọ, ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo bi ọ̀gá mi ní Ṣàrẹ́ ìgbà wo ni ẹ̀rù náà máa tán. Ọ̀gá ní tó bá tán, kí n tètè ta bánjò mi fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀rù ò bà ò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbọ́ òun." Wọ́n sinmi. "Lọ bì tó bá gbé ọ. Ṣùgbọ́n kí o padà wá jókòó."

Mi ò lè sọ pé ara mi balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò balẹ̀. Àmọ́ n ò tún bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà. Ẹni tó bá mọ bánjò tó ní awọ ewúrẹ́ á mọ ohun tí òjò ń ṣe fún un. Nígbà tí mo dé Rore tí mo tú u nínú àpò, ojú rẹ̀ ti dẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, ohùn rẹ̀ sì ti di ti àpótí lásán. Mo sáré lọ bá àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè lẹ́bàá iná."

"Kí lẹ fẹ́ sun, Tíṣà?" ọ̀kan béèrè. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó sún kúrò kíá.

Mo na ojú bánjò sí iná, mo ń fi ìka kàn án, mo ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bó bá jìnnà jù, kò ní gbẹ. Bó bá sún mọ́ jù, á ya, kò sì sí awọ mìíràn nítòsí. Òógùn bò mí. Lẹ́yìn náà ni mo rìn lọ sẹ́yìn ògiri, mo bì gbogbo tíì tí mo mu. Mo fi omi ṣan ẹnu, mo wọlé.

Màmá Rore jókòó ní ìjókòó iwájú, wọ́n kéré bí ọmọdé nínú aṣọ funfun, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún. Ìyá Àgbà, tí wọ́n bá mi wá, ti gbé fóònù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá Àgbà ń gbọ́ wa ní òdì kejì lórí ibùsùn ní Arandun. Àlùfáà pè mí. Mo jókòó, mo gbé bánjò lé itan.

Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo rí i tí Màmá ń mi orí. Mo wọ apá kejì, mo dé ibi tí ohùn ti máa ń yí padà, ọwọ́ mi sì dúró.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Mo ń wá ìka mi, n ò rí wọn. Mo padà di ọmọ kíláàsì kejì, mo ń retí ẹni tó máa wá fà mí dìde.

Màmá Rore ló dìde. Wọ́n gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ wọn fẹ́ dì wọ́n mú, Màmá já ọwọ́ wọn dànù. Wọ́n rìn dé iwájú mi, wọ́n na ọwọ́. Mo rò pé ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ dì mú, bánjò ni wọ́n gbà. Wọ́n jókòó sórí àga àlùfáà láìtọrọ àyè. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún káfíńtà.

Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dún burúkú. Wọ́n yí okùn kan, wọ́n tún un ta. Ìka wọn le, ó ń lọ́ra. Wọ́n ta ìró márùn-ún, bóyá mẹ́fà, ìyẹn ibi tí ohùn ti ń yí padà gan-an, wọ́n sì gbé bánjò náà padà lé mi lọ́wọ́.

"Ibi tí o dúró sí nìyẹn," wọ́n fi Ìgbómìnà pọ́ńbélé sọ fún mi, bí ẹni pé àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. "Máa lọ."

Mo ń bá a lọ. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì sí i, ṣùgbọ́n mo parí rẹ̀. Àwọn èèyàn dìde. Àwọn àgbà kan ń sunkún, àwọn tó rántí. Màmá ò sunkún. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Nígbà tí mo dé Arandun, Bàbá Àgbà ti ń retí mi. Ojú wọn pọ́n.

"O yára jù ní apá kejì," wọ́n ní.

"Bàbá, ẹ gbọ́ pé mo dúró?"

"Mo gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dára. Ọ̀gá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀." Wọ́n yíjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì.

Ọwọ́ òsì wọn ò tíì padà. Ìka kékeré ti ń gbọ́rọ̀, dókítà ní ká má tíì yọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá Rore ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ bánjò tiwọn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fún Bàbá Àgbà, wọ́n ní ìyẹn ti di tèmi. Tuntun ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì ṣe é kíá, nítorí àwọn ò ní àkókò púpọ̀.

Nítorí náà, Bàbá Àgbà ti ní kí n wá igi apá kan tó gbẹ dáadáa wá. Wọ́n ní àwọn á máa sọ ọ́, èmi á máa gbẹ́ ẹ. Mi ò gbẹ́ igi rí láyé mi. Lánàá ni mo kọ́kọ́ gbé ìfági, mo fá kọjá ibi tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí, mo sì gbé e hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí.

"Ó ṣì ṣeé tún ṣe," wọ́n ní. "Yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì."