Ìtẹ́ Méjì Nínú Koríko

Lọ́dún tí ọkọ mi lọ sójú ogun, wọ́n gbé mi lọ síléèwé abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìlútítun. Ilé tíṣà tí wọ́n fún mi dá dúró lẹ́yìn oko ọ̀pẹ. Èdè Ìkálẹ̀ kò tíì yé mi, ojú sì ń tì mí láti máa ní kí wọ́n tún un sọ. Bí iléèwé bá ti parí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí nìyẹn. Mo dá wà, ó sì dùn mí.

Àwọn ọlọ́ńgo ni mo rí bá ṣọ̀rẹ́. Ẹyẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ: ẹnu rẹ̀ pupa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dà bí ẹni fi epo kàn án. Wọn a rọ̀ mọ́ pòròpórò koríko títí yóò fi tẹ̀, wọn a sì dorí kodò máa ṣa èso rẹ̀ jẹ.

Takọtabo kan kọ́lé sídìí koríko nítòsí fèrèsé mi. Ìtẹ́ méjì ni. Èyí tó wà lókè ṣófo. Bí ejò tàbí olè ẹyin mìíràn bá dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ìsàlẹ̀ ni ẹyin wà, funfun, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀wà lọ. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá pa ọmọ, lẹ́tà ọkọ mi yóò dé. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò lálábàárò ni í bá ẹyẹ dá májẹ̀mú.

Nítorí wọn ni mi ò ṣe ro àgbàlá. N kò mọ̀ pé níbẹ̀, ilé òkú tàbí ilé aláìsàn nìkan ni koríko ń ga dé fèrèsé. N kò sì sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan.

Mo ti ọjà dé ní Sátidé kan, mo bá àgbàlá mi ní mímọ́ tónítóní. Àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà ló wá ro ó, wọ́n ní ara mi kò le. Wọ́n ti dáná sun koríko náà. Àgbà inú wọn gbé ìtẹ́ kan sátẹ́lẹwọ́, ó rọra fi Yorùbá tí mo gbọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

“Ọma mi, a ò jẹ́ kó jóná. A wò ó dáadáa, kò sẹ́yin nínú ẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo ní, “Ẹ ṣeun, màmá.” Èéfín ṣì ń rú lẹ́yìn wọn.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbàdúrà kí ọkọ mi padà wálé. Wọ́n ṣe àmín; èmi ń wo eérú níbi tí ìtẹ́ ìsàlẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.