Wọ́n Da Kọ́ńkéré Bo Ọgbà Mi, Mo Tún Kúnlẹ̀ Dúpẹ́

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́! Ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi ní Bàrígà ni.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó dé ilé tuntun wa, yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nìkan ló wà níwájú ilé. Gbogbo àdúgbò ní ká da kọ́ńkéré sí i. Mo ní rárá! Ṣé ẹ mọ Bàrígà? Ilé fara kan ilé, ẹyẹ ò ríbi bà sí àfi orí wáyà iná.

Mo wá gbin àwọn ewéko ilẹ̀ wa síbẹ̀: akòko, ìyeyè, ewúro, odúndún, tẹ̀tẹ̀. Mo ri abọ́ omi kan mọ́lẹ̀ fún àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó yá, labalábá dé, alángbá dé. Ẹ̀gà náà dé, wọ́n so ìtẹ́ wọn rọ̀ sórí akòko, ariwo wọn ló ń jí wa láàárọ̀. Ọkọ mi á jókòó sídìí fèrèsé, á máa bá wọn jà pé wọn ò jẹ́ kí òun gbádùn. Ẹ má dá a lóhùn o, ó fẹ́ràn wọn ju ìyá wọn lọ!

Àfi bí ọ̀kadà ṣe gbá a ní Fádèyí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A wá di ará ọsibítù Igbóbì. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé ẹ̀gà òun ńkọ́, ṣé wọ́n ti pamọ? Ó ní bí òun bá délé, ìdí fèrèsé yẹn ni òun ti máa gba ìwòsàn tó kù.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sùn, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Lásísì, bá wá láti Ìsẹ́yìn láti bá wa ṣọ́ ilé. Inú mi dùn. Àṣé mi ò mọ ohun tó ń bọ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sáré wálé wá mú aṣọ. Mo ṣí géètì. Ha! Kọ́ńkéré! Láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn! Wọ́n ti gé gbogbo ewéko mi pátá. Àwọn ìtẹ́ ẹ̀gà wà nínú àpò síméǹtì kan, àwọn ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́ ti kú sínú wọn. Àwọn ìyá wọn ń fò yí òkè ibẹ̀ ká, wọ́n ń ké.

Bọ̀dá Lásísì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣé o rí i? Wàhálà ọsibítù ò jẹ́ kó o ráàyè, ilé yín ti fẹ́ di igbó. Mo ti bá ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá wá kí àbúrò mi, kò ní sọ pé ìyàwó wa ya ọ̀lẹ."

Bíríkìlà dúró, ó ń wò mí. Ìyá ilé kejì na ọrùn lórí fẹ́ǹsì. Gbogbo wọn ń retí kí n kúnlẹ̀!

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kúnlẹ̀. Lórí kọ́ńkéré náà! Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n pa àwọn ẹyẹ mi, mo sì ń dúpẹ́! Ẹ tiẹ̀ wò ó, mo ṣì ń pe Bọ̀dá ní "wọ́n" títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀kọ́ ilé yìí á pa èèyàn!

Nígbà tí mo padà dé Igbóbì, ọkọ mi tún béèrè ẹ̀gà rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó kàn kọjú sí ògiri. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bọ̀dá ti padà sí Ìsẹ́yìn kí ọsibítù tó dá wa sílẹ̀. Ọkọ mi jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo síméǹtì. Òjò rọ̀, òjò tún rọ̀. Ló bá figbe ta lọ́jọ́ kan pé kí n máa bọ̀! Mo sáré débẹ̀, mo rò pé ó ṣubú ni.

Ẹ gbọ́, nígbà tí wọ́n ń da kọ́ńkéré, ẹ̀ka akòko tí wọ́n gé ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì bí èèkàn, kí pákó tó dá kọ́ńkéré dúró má baà yẹ̀. Wọ́n kó pákó lọ, wọ́n fi èèkàn sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko, ṣé akòko tí a gún mọ́lẹ̀ máa ń kú bọ̀rọ̀? Gbogbo èèkàn yẹn ló ti rúwé!

Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù. Mo ní, "Bọ̀dá, mo ní kí n dúpẹ́ o. Àwọn akòko tí ẹ bá wa gbìn ti ń hù dáadáa." Ẹ̀rín pa ọkọ mi débi pé ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ẹ̀gà ò tíì padà. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin olóore, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó bá a tún ilé rẹ̀ ṣe! Bíbọ̀wọ̀ fágbà dáa, ṣùgbọ́n èmi ò tún ní kúnlẹ̀ dúpẹ́ ohun tó ń pa mí lẹ́kún mọ́.

Ta ló ti fi oore ba nǹkan yín jẹ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló kúnlẹ̀.