Ìṣó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi ọwọ́ kan gbé àpótí èrò ọkọ̀ òfurufú, tí màá tún máa kọrin lé e. Máfolúkù ni mò ń gbé nígbà náà, iṣẹ́ agbẹ́rù ni mò ń ṣe ní pápákọ̀, agbára mi sì ń gùn mí bí ẹṣin. Nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú sí mi lábẹ́ ikùn, lẹ́bàá itan, tó ń yọ bí mo bá gbé ẹrù, tó ń wọlé bí mo bá dùbúlẹ̀, mo fi í pamọ́. Ìpá ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní onípàá lẹ́nu iṣẹ́?

Ìyàwó mi ló rí i, òun náà ló sì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe bàtà ní Òṣòdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa, nítorí náà bí òun bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìyá wa a máa ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀.

Dókítà tó rí wa kò tíì dàgbà púpọ̀, àmọ́ ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní àwọn ò ní la ikùn mi gbàràgàdà. Ihò kéékèèké ni wọ́n máa lu, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi àwọ̀n kan lẹ ojú ibi tó ya náà látinú, bí ẹni ń lẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ya. Ohun tó máa di àwọ̀n náà mú ló kù. Ó ní gọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ṣe fún ara èèyàn, ìṣó wínníwínní sì wà.

Ó ní, “Tiyín ò tóbi, gọ́ọ̀mù máa dì í mú dáadáa. Ìṣó náà máa dì í mú, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń gún iṣan, ìrora ẹ̀ sì lè pẹ́ lára. Èwo lẹ fẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Gọ́ọ̀mù kẹ̀? Dókítà, ẹ má bínú o. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe bàtà, mi ò tíì rí gọ́ọ̀mù tó kojú òjò Òṣòdì rí. Inú ikùn tó jẹ́ kìkì omi! Ẹ bá mi kàn án níṣòó, jàre. Ẹrù ló ń gbé, kì í ṣe bírò.”

Dókítà yíjú sí mi. “Bọ̀dá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tó fi bọ́ mi, mo ní, “Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ ni.” Inú mi tilẹ̀ dùn sí ara mi. Mo pe ara mi ní ọmọlúàbí: ọmọlúàbí tó na gbalaja kí wọ́n lè kan ìṣó mọ́ ọn.

Ojú ọgbẹ́ jinná kíá. Ìrora ni kò lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ta mí lábẹ́nú bíi pé wọ́n fi iná sìgá kàn mí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí kan tí kò wúwo rárá, mo bá ara mi lórí eékún, mi ò lè dìde. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Dókítà mìíràn yẹ̀ mí wò, ó ní ó jọ pé ọ̀kan nínú ìṣó náà gún iṣan. Ó ní àwọn lè wá a yọ, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé ìrora á lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo bínú sí dókítà àkọ́kọ́, mo ṣì ń bínú sí i. Ọmọ Yorùbá ni òun náà. Ó yẹ kó mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n bi àbúrò níṣojú ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ìbéèrè. Àwọn àgbà ní ẹnu tí kò dákẹ́ ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi dákẹ́, ẹ wá wo ibi tó bá mi dé.

Ní báyìí, ìsọ̀ ìyàwó mi ní Òkè-Àfà ni mò ń jókòó sí, ọṣẹ là ń tà. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ìpá ń dà láàmú wá síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni ń fi ọjà hàn. “Ẹ wò ó! Èmi ni mo ní kí wọ́n kàn án níṣòó. Látìgbà náà, ìpá ò yọ mọ́!”

Òótọ́ ni, kò yọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹrù tí mo gbé láyé àtijọ́ ló fa ìrora mi. Ó ti darúgbó, n kò sì sọ fún un rí pé ìṣó yẹn ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bi mí pé kí lèmi rí sí i.

Mo ní, “Bẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ dá lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní èmi àti àwàdà. Nígbà tí wọ́n dìde, mo fẹ́ sìn wọ́n dé títì bó ṣe yẹ kí àbúrò ṣe. Ara mi ò gbà. Orí ìjókòó ni mo ti fi ẹnu sìn wọ́n.